Ìṣó tí Lánlọ́ọ̀dù Kàn Mọ́ Bàlúù Mi

Lánlọ́ọ̀dù wa ní Òkè-Àfà pè mí ní aláìmoore láàárọ̀ yìí!

Ẹ gbọ́ o. Mo ní bàlúù kékeré kan tí mo fi igi ṣe fúnra mi. Ihò síkúrù tó de ìyẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀, síkúrù kàn ń yí lásán. Lánàá, mo fi gọ́ọ̀mù ki igi ìṣáná sínú ihò náà, mo gbé e sí pásééjì kó gbẹ.

Ìgbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ìṣó gbọọrọ ni mo bá nínú ìyẹ́ náà. Igi ti là yánnayànna.

Baba lánlọ́ọ̀dù ló kàn án. Wọ́n ní àwọn bá mi tún un ṣe ni. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn.

Ni wọ́n bá dá mi dúró lẹ́nu géètì lónìí, lójú gbogbo ará ilé.

"Ṣèyí, èèyàn ṣe ẹ́ lóore, o ò lè wá sọ pé ẹ ṣé àná? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣé àná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí òmíràn bá tún bà jẹ́, kí n má tijú, kí n pe àwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa kúnlẹ̀?