Èèpo Ìyeyè àti Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Aláró ni ìyá mi ní Ìtòkú, omi kì í sì í gbẹ lẹ́sẹ̀ aláró. Nígbà tí egbò kan yọ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀, kò kà á sí. Èèpo ìyeyè ló ń sè, tó fi ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo pariwo títí tó fi gbà láti máa lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù ní Ìbarà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, mo sì wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Èèpo ìyeyè yẹn náà ni mo mú ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Mo gún un, mo rẹ ìdajì sínú omi, mo rẹ ìdajì yòókù sínú ọtí líle tí a ń lò ní láàbù, mo wá kán wọn sínú àwo tí mo gbin kòkòrò àrùn sí. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí mo kán ti inú ọtí sí mọ́ roro, kòkòrò kankan ò hù níbẹ̀. Ibi tí mo kán ti inú omi sí, wọ́n hù bò ó. Olùkọ́ mi ní ọtí ló fa èròjà tó ń pa kòkòrò jáde, pé omi ò lágbára ẹ̀.

Mo sáré wọkọ̀ wálé.

“Ìyá, èèpo yín pa kòkòrò o! Ojú mi báyìí ni mo fi rí i.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Alhamdulillahi! Ẹ̀yin alákọ̀wé, ṣé ẹ ti wá rí i pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde?”

N ò sọ ti ọtí. Alhaja tí kì í jókòó ti ẹni tó ń mu bíà, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Kí n má purọ́, ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́ kó tán. Mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá tún wálé. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìyá mi ò lọ sí Ìbarà mọ́. Omi èèpo nìkan ló gbájú mọ́. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò tán tí mo dé, òórùn ẹsẹ̀ náà ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. A gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà ní àrùn egbò náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ mi, má bínú. Ìwọ ṣiṣẹ́ tìẹ dáadáa. Ó dà bí ẹni pé èmi ni mi ò sè é jinná.”

Mo ní, “Ó jinná, Ìyá.”

Ó mi orí, kò gbà. Ó kú ní ọjọ́ kejì, ó sì gbà títí dé ojú ikú pé òun lòun jẹ̀bi.