Omi Gbígbóná Màmá Mi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo yàrá wa ní Agbowó ń rùn fún Dẹ́tọ́ọ̀lù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi nípa iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkè-Àdó, màmá mi sì ti Ìjẹ̀bú-Òde wá láti máa wẹ èmi àti ọmọ. Àwọn ni wọ́n ń wẹ gbogbo ìyá ìkókó ìdílé wa, iṣẹ́ náà sì ń dùn mọ́ wọn. Ní àràárọ̀, wọ́n á ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, wọ́n á fún un, wọ́n á wá fi tẹ̀ mí níkùn, lókè ibi tí dókítà rán, kí ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì, tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, á máa ké bí ewúrẹ́. Wọ́n á ní kí n rọra o, ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ bímọ láyé ni?

Kò pẹ́ tí ojú ọgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Bó bá pa dé lónìí, á tún là lọ́la. Ibà ń gbé mi dè, omi ọmú mi sì ń gbẹ. A padà lọ bá dókítà. Ó wo ọgbẹ́ náà, ó béèrè ẹni tó ń wẹ̀ mí, màmá mi sì ní àwọn ni.

"Màmá, omi gbígbóná yín ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ yín ni?"

Mo yarí pé táwẹ́ẹ̀lì kò kan ibẹ̀ rí. Màmá mi tí wọ́n máa ń ná ata títí tí ọlọ́jà á fi máa bẹ̀ wọ́n, wọn ò la ẹnu títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ò ní fi ọwọ́ ara àwọn sin ọmọ àwọn. Bàbá ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, wọn ò gbà. A sìn wọ́n dé Challenge, wọ́n wọkọ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dùn mí dé egungun.

Omi gbígbóná lọ, ọyún ò lọ. Ẹnìkan ní ẹyin tí mò ń jẹ ni, ìyá onílé ní ilá ni. Mo pa gbogbo rẹ̀ tì, ó wá ku ẹ̀kọ nìkan. Nígbà tí mi ò lè gbé ọmọ mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì tún ojú ọgbẹ́ náà là.

Dókítà obìnrin ibẹ̀ ló wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àwọn bá kókó kan nínú ikùn mi, fọ́nrán òwú ló wà nínú rẹ̀, láti ara aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi nu ẹ̀jẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ara mi ló ń bá a jà.

"Omi gbígbóná ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Omi wo ló fẹ́ dé ibi tá a ti yọ ọ́? Kì í ṣe iṣẹ́ omi."

Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti pe màmá mi, mo sọ ohun tí dókítà wí fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà dókítà Òkè-Àdó kí àwọn bá a wí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ tán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun, ó parí.

Wọ́n padà wá, wọ́n wẹ ọmọ, ara mi sì yá. Nígbà tí àbúrò mi bí tiẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ kankan, àwọn náà ni wọ́n gbé omi kaná, tí wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tó kan ikùn, wọ́n na táwẹ́ẹ̀lì sí mi. Wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń júwe fún mi: lókè díẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ jù.

Màmá mi ti lọ báyìí. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Àpá tèmi ò dùn mí mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí dókítà Òkè-Àdó ti sọ̀rọ̀ yẹn títí tí wọ́n fi kú, wọn ò fọwọ́ kan ikùn ìyá ìkókó mọ́.