Ohùn Inú Gálárì

Òórùn òkúta tútù àti ọṣẹ pákó ló máa ń kọ́kọ́ kí wa láràárọ̀ Sátidé, bí Mọ́mì bá ti ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oak Cliff. Ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti máa ń gba ibẹ̀ wá tààrà, torí àwa méjèèjì la ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi nìkan ló sì bí.

Àwa kọ́ la kọ́ ilé náà. Àwọn ará Scotland tó ṣí wá sí Texas láyé àtijọ́ ni, nígbà tí àárò ilé ń sọ wọ́n. Wọ́n kọ́ ọ bíi ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn gan-an: ògiri òkúta tó nípọn, fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́, agogo kan ṣoṣo lórí òrùlé. Àárín ògiri gígùn ni wọ́n gbé àga ìwàásù sí, wọ́n fi pákó tó tẹ̀ bò ó lórí bí agboòrùn. Ní ọ̀kánkán rẹ̀ lókè ni gálárì wà, pèpéle gíga níbi tí olówó àárín wọn ń jókòó kó má baà fara kan mẹ̀kúnnù. Nígbà tí àwọn tó kọ́ ọ kú tán, tí àwọn ọmọ wọn kó lọ, ìjọ wa rà á.

Èmi ni mo máa ń nu àga gálárì. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: "Àníkẹ́." Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mọ́mì ti kọ́ mi pé, "Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn." N kò dáhùn. Ohùn náà tún ní, "Má mú un lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ wà lára mi, tó máa ń ro mí dé egungun, ṣùgbọ́n Mọ́mì kì í gbà kí n bẹ̀rù. "Nǹkan kan ò ní ṣe ọ́," ló máa ń sọ.

Nígbà tí mo ròyìn ohùn náà fún un, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe Pásítọ̀, Pásítọ̀ sì da òróró sórí gbogbo àga gálárì, ó ní òkú àwọn òyìnbó ló ń wá ọmọ kiri. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí òkú òyìnbó ti kọ́ Yorùbá. Èmi ni mo sì nu òróró náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ohùn náà ń sunkún. "Àníkẹ́ nìkan ni mo ní."

Mo na ọrùn wo ìsàlẹ̀. Mọ́mì ló kúnlẹ̀ nínú àga ìwàásù tó yẹ kó máa nù, ó gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì. Pákó tó bo àga ìwàásù lórí ló ń gbé ohùn rẹ̀ wá bá mi, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìwàásù dé òkè kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dé. Bí mo ṣe ń bẹ̀rù sí i ni òun náà ń gbàdúrà sí i, bó ṣe ń gbàdúrà sí i ni èmi náà ń gbọ́ òkú sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tuntun bà mí ju ti òkú lọ: Mọ́mì fúnra rẹ̀ kò gbà pé nǹkan kan ò ní ṣe mí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í.

"Mommy, it was you. Am I going to die?"

Ó gbá mi mọ́ra. "N kò mọ̀, ọmọ mi."

Torí pé òótọ́ ló sọ fún mi, ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ìgbàkígbà lọ.

Mo ti ju ọjọ́ orí Mọ́mì ìgbà yẹn lọ báyìí. Lánàá ó pè mí láti ilé rẹ̀ ní Rowlett, bẹ́ẹ̀ egungun ń ro mí débi pé n kò lè dìde.

"Ara ńkọ́?"

"Dáadáa ni, Mà."

"Ṣé òótọ́ lo ń sọ?"

Ọmọ tó sọ̀kalẹ̀ láti gálárì yẹn ì bá sọ òótọ́ fún un. Èmi sọ pé iṣẹ́ ń pè mí, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.