Ìkòkò Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Ìwàrà

Bí ẹ bá mú mi dé ìdí òkìtì irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, màá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Mi ò fọ́nnu o, iṣẹ́ mi ni. Bàbá mi ń da ìkòkò alumí l'Óṣogbo, inú èéfín iná rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo dé yunifásítì, bí a ṣe ń yọ irin tó wúlò lára pàǹtí ni mo gbájú mọ́. Iyanrìn tí àwọn awawúrà dà nù nítòsí Iléṣà, bátìrì tó ti kú, gbogbo rẹ̀ ni mo ti yẹ̀ wò. Iṣẹ́ bàbá mi nìkan ni mi ò tíì fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìkòkò rẹ̀ kan lọ sí yàrá ìwádìí wa. A se omi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, a yẹ omi náà wò. Òjé wà níbẹ̀, òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́! Mo mọ ibi tó ti wá: rédíétọ̀ mọ́tò tí wọ́n fi òjé jó, tí bàbá mi ń yọ́ mọ́ irin yòókù.

Àṣìṣe mi ni pé mo lọ sọ ọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ìkòkò tí mo fi tọ́ ọ, òun lo wá ń bú?"

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Òjé ni mo ń bá wí."

"Ó dáa. Gbé ti ìyá ẹ lọ. Bí o bá rí òjé nínú ẹ̀, wàláhì, mi ò da ìkòkò mọ́!"

 Ìkòkò yẹn ni bàbá mi gbé lọ sí Ìwàrà nígbà tó lọ tọrọ ìyá mi lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tí ò fẹ́ fọmọ fún ará Òṣogbo. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti se ògì tí mo kọ́kọ́ mu láyé. Mo bẹ Ọlọ́hun kí n má rí nǹkan kan.

Òjé inú rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sunkún.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo pe bàbá mi sí kọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí. Kò pariwo. Ó béèrè irin tí ò ní òjé tóun lè máa yọ́, mo dárúkọ wáyà iná àti agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta san ìtánràn ìbúra rẹ̀, kó lè tún máa da ìkòkò. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ìkòkò tí mo dà fún yín, ẹ gbé e padà wá! Màá fi tuntun pààrọ̀!"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣé ó fẹ́ ta epo sí aṣọ àlà ara rẹ̀ ni.

"Ẹnu yìí ni mo fi polówó ẹ̀," ló dá wọn lóhùn. "Ẹnu yìí náà ni màá fi pè é padà."

Títí di ọ̀sán, ẹnì kan ò yọjú. Àfi bí mo ṣe rí ìyá mi tó ń bọ̀ láàárín títì, tó ru ìkòkò Ìwàrà, tó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ó sọ̀ ọ́ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Alájì, ẹ bá mi pààrọ̀ tèmi."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìkòkò ò jẹ́ ká ríbi gbẹ́sẹ̀ lé mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.