Bí Jàmíù Ṣe Pín Nẹ́tíwọ̀kì bí Ẹran Iléyá

Jàmíù ọmọ àbúrò mi kò tíì ju nǹkan kan nù rí láyé rẹ̀. Rédíò ló ń tún ṣe nísàlẹ̀ òkè Mápó. Èyí tó bá ti kú lọ́wọ́ àwọn atúnrédíò tó kù, Jàmíù á jí i. Mo gbọ́ pé ọ̀kan tilẹ̀ ń ka ìròyìn ọ̀la nígbà tó tún un ṣe tán, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn jẹ́rìí.

Mujeebat ìyàwó rẹ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sílùú òyìnbó ní Yorùbá, láti inú yàrá wọn ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Kíláàsì Sátidé ló tóbi jù: ọmọ mẹ́rìnlá, aago mẹ́rin sí márùn-ún. Ráútà kan ṣoṣo ló ń fún un ní nẹ́tíwọ̀kì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú agbo ilé wa, a kì í fi omi kànga du ara wa. Gbogbo ilé ló mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Mo fura sí àwọn ewúrẹ́ náà. Bí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ojú Mujeebat á kàn dúró gbagidi lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ náà, ẹnu á là sílẹ̀ bíi ti ẹja gbígbẹ. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn òbí kọ̀wé: bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún já ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn á wá olùkọ́ mìíràn.

Mujeebat gba Òkè Bọ́lá lọ. Japheth tó ń ta ẹ̀rọ níbẹ̀ fi ráútà ńlá hàn án, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò. Ó ní kó sáà so ó mọ́ná. Bó bá yọnu láàárín ọdún kan, kó dá a padà.

"Àpótí tí wọ́n lẹ̀ pa nìyẹn," ni Jàmíù wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ìyá Àkíbù, ráútà wa ò ṣàìsàn, ọpọlọ ẹ̀ ló kéré. Àwọn kan káàkiri ayé ti pawọ́ pọ̀ kọ ọpọlọ mìíràn, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, fún un. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló sì lè yẹ inú ẹ̀ wò. Bí mo bá fi sí i, èmi ni màá máa sọ iye nẹ́tíwọ̀kì tó máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

"Bó bá wá bàjẹ́, ta la máa dá a padà fún?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin náà kẹ̀?" Mujeebat wò ó títí. "Mo fún yín di Jímọ̀. Bí kò bá dáa, láàárọ̀ Sátidé, mò ń lọ bá Japheth."

Ọjọ́bọ̀ ni Jàmíù ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ráútà kú nìyẹn, ló bá so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wúkọ́. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n fi wò ó. Ráútà jí, Jàmíù sì ń rìn káàkiri bí ẹni tó bí ìbejì.

Ní Jímọ̀, Mujeebat pe ìyá ọmọ kan láti fi dán an wò. Kó tó kí i tán, ó ti di ẹja gbígbẹ. Lásìkò yẹn gan-an, èmi jókòó síwájú ilé, mò ń wo ìjàkadì lórí fóònù. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ka eyín àwọn oníjà.

Mujeebat ní kí ọkọ òun ṣí ìwé ìpín tí ráútà fi ń pín nẹ́tíwọ̀kì fún wa.

"Ta ló wà lókè yìí?"

"Bàbá ni."

"Èmi dà?"

Jàmíù nawọ́ sísàlẹ̀. Bí a ṣe ń pín ẹran Iléyá ló ṣe tò wá: èmi àgbà ilé lókè, àwọn ọmọ ilé tẹ̀ lé mi, àwọn ìyàwó wá tò bí wọ́n ṣe wọlé. Ọdún kọkànlá rèé tí Mujeebat wọlé, òun náà ló ṣì kẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjìlá wà lókè rẹ̀, torí pé ó bá a nílé.

"Ráútà Japheth ò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọmọ ilé," ni Mujeebat wí. "Ẹ jẹ́ n lọ rà á."

"Ṣé kí n wá fi ọ́ lé Bàbá lórí ni?"

"Wákàtí kan péré. Bó bá di aago márùn-ún, ẹ dá mi padà."

Jàmíù kò jẹ́ dánú ṣe é. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ yọ yín kúrò lókè lọ́la, aago mẹ́rin sí márùn-ún."

"Ibo lẹ fẹ́ gbé mi sí?"

"Ìsàlẹ̀ pátápátá ni o, Bàbá."

Mo ti mọ ohun tí màá sọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ náà yẹ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Àwọn ọmọ yẹn, ṣé ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kí àgbà?"

Mujeebat dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Òun gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀la, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

Ní Sátidé, mo fara ti fèrèsé wọn. Nẹ́tíwọ̀kì kò já rárá. Nínú ọmọ mẹ́rìnlá, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, ọ̀kan yí bọ́ lórí ibùsùn. Àwọn òbí ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mujeebat ní òun ò bá Japheth ná nǹkan kan mọ́.

Bí aago márùn-ún ti lù, Jàmíù na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà láti tún ìwé ìpín tò. Mujeebat di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ ṣì fi mí síbẹ̀ ná. Mi ò tíì wà lókè rí nínú ilé yìí."

Jàmíù fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo padà síwájú ilé, mo gbé fóònù mi lé orúnkún, òbìrìkìtì ń yí bírí lórí ẹ̀ dípò ìjàkadì, mo ń wò ó.