Orúkọ Tí Deshi Kò Lè Pè

Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi. Deshi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó lè fún wàrà àgùntàn mẹ́wàá kí n tó fún méjì, tí kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ gbá a mọ́lẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni kì í jáde lẹ́nu rẹ̀: Alkhast, orúkọ ọkọ rẹ̀. Nínú ìdílé wa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, àgàgà níwájú bàbá ọkọ. Èmi gan-an tí mò ń jẹ́ Taus, Arẹwà ló ń pè mí títí dòní.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ìjọba wá kó gbogbo ìran wa kúrò lórí òkè nínú òjò dídì, Alkhast wà lọ́nà jíjìn pẹ̀lú agbo ẹran. Wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù láìsí òun. Ìgbà tí a fi dé Kasakisitáànì, ibà ti dá mi dùbúlẹ̀. Deshi àti bàbá wa, Bersa, ni wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀.

Akọ̀wé bi Deshi pé, “Ta ni ọkọ rẹ?” Deshi wolẹ̀. Bàbá náà ò lè dárúkọ ọmọ rẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ. Ìtìjú ni lójú tirẹ̀. Akọ̀wé fọwọ́ gbá tábìlì. Ni Deshi bá rọra sọ pé, “Borz.” Ìkookò ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ tó fi ń ṣìkẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú yàrá. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Akọ̀wé sì kọ gbogbo ilé wa sábẹ́ rẹ̀: ìyàwó Borz, bàbá Borz, àbúrò Borz.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo ní, “Ẹ padà lọ tún un ṣe.”

“Ìwé lásán ni, Arẹwà,” Deshi fèsì. “Ṣé ìwé ló fẹ́ mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́tàlá ni Deshi fi dúró de ọkọ rẹ̀, tó ń lé àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìjọba wá ní a lè máa padà sílé, ọkùnrin kan láti ìlú àwọn awakùsà èédú wá bá bàbá.

“Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Alkhast yín kú lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù. Wọ́n kó òun náà wá lẹ́yìn yín, ó sì wá yín títí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé ọ́fíìsì àdúgbò yín yìí, wọ́n ní kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.”

Ọkùnrin náà tún fẹ́ sọ nǹkan, ó wo Deshi, ó dìde, ó sì lọ. Orúkọ inú yàrá, báwo ni Alkhast ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti dé ìwé ìjọba?

Ìdílé wa kì í fi òkú sílẹ̀ sẹ́yìn odi. Bàba-ńlá wa méje ló sùn lẹ́bàá ilé gogoro olókùúta tiwa lókè. A rán àpò fún egungun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ gbé e ní ìlú àwọn awakùsà náà.

Akọ̀wé ibẹ̀ ní, “Ta lẹ wá hú?” Mo la ẹnu. Ó ní, “Ìwọ kọ́. Bí òkú bá níyàwó, ìyàwó ni kó sọ ọ́.”

Bàbá dìde, ó bọ́ síta, ó sì fa ilẹ̀kùn dé kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lè rí orúkọ náà pè.

“Alkhast,” ni Deshi wí. “Alkhast, ọmọ Bersa.”

Akọ̀wé ṣí ìwé. “Ìyàwó rẹ̀ ti wá gbé e lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọmọ wọn méjì.”

“Ìyàwó wo?” ni mo bi í.

Akọ̀wé gba káàdì ìdánimọ̀ Deshi, ó kà á, ó tún un kà. “Màmá, Borz ni ọkọ tìẹ. Kí lo fẹ́ fi òkú ọkọ ọlọ́kọ ṣe?”

Bàbá ń dúró dè wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó lè dìde lọ sọ fún un.