Ọwọ́ Opó Nínú Ata Ilẹ̀ Pupa

Ó ku ọ̀la kí ọmọ mi ọkùnrin gbéyàwó ni wọ́n sọ fún mi, nínú ilé ara mi ní Becontree, ní London, pé kí n má fọwọ́ kàn án.

Ẹlẹ́sìn Híńdù ni ọmọbìnrin tó fẹ́. Kí ìgbéyàwó wọn tó pé, wọ́n á po ata ilẹ̀ pupa mọ́ wàrà, ìyá àti àwọn obìnrin ilé á fi kun ọkọ ìyàwó lójú, lápá, lẹ́sẹ̀, kí ara rẹ̀ lè dán, kí ojú burúkú má sì ràn án. Haldi ni wọ́n ń pè é. Ìdílé ọkọ ló ń ṣe ti ọkọ, àmọ́ àwa ò mọ ọwọ́ rẹ̀, ni ìyá ìyàwó àti ìyá àgbà tó bí i bá gbé abọ́ wá láti Rush Green.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fapá jánú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aládùúrà ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le ju tèmi lọ.

"Ìbọ̀rìṣà ni," ó ní. "Inside your own house!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí màmá wa fi osùn kun ọmọ yín nígbà tí ẹ bí i. Òrìṣà wo la bọ lọ́jọ́ náà?"

Ó pòṣé. Síbẹ̀ ó wá, ó káwọ́ gbera lórí àga.

Ọmọ mi jókòó láàárín pálọ̀, mo ti ká apá aṣọ mi sókè, nígbà tí ìyá ìyàwó fà mí wọ kíṣìnnì. Ó fi òyìnbó bẹ̀ mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí n má bínú: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè nìkan ló ń kun ọkọ ìyàwó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà, kí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀.

Ó dùn mí wọra. Nígbà tí bàbá ọmọ yìí kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n fá irun mi. Mo ní irun mi kọ́ ló pa á, mi ò sì fá a. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń fi àdín pa ọmọ náà lára nígbà tí ibà bá gbé e, kò sì sẹ́ni tó wá sọ fún mi pé ikú wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a padà sí pálọ̀, ìyá ìyàwó gbé abọ́ náà lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún.

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dìde fùú.

"Wọ́n ní kí ni? Because ọkọ ẹ kú? Gbà, jàre! Kun ọmọ ẹ. Tó bá jẹ́ ìbọ̀rìṣà, a jọ máa tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Sunday."

Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Mo sọ fún ìyá ìyàwó pé mo bọ̀wọ̀ fún àṣà wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tọ́ ọmọ yìí dàgbà kò lè pa á. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́.

"Mummy, ẹ kùn ún dáadáa," ọmọ mi wí, ó sì dijú.

Mo ń kun ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ni mo rí ìyá àgbà lórí àga ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo èékánná rẹ̀ ti pọ́n, nítorí òun ló lọ ata ilẹ̀ náà láàárọ̀. Mo béèrè pé ṣé màmá kò ní í wá ni. Ìyá ìyàwó wo ilẹ̀. Ó ní opó ni màmá òun náà.

Inú bí mi gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó láti lọ̀ ọ́, kò wá mọ́ tó láti fi kun ènìyàn!

Mo gbé abọ́ lọ bá a, mo kúnlẹ̀. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ìyá ìyàwó. Ìyá àgbà bá dìde, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, ó sì gba iwájú ọmọ rẹ̀ kọjá lọ bá ọmọ mi.